Orúkọ Àmútọ̀runwá Ọkọ̀ Wilf Unsworth

Irọ́ kan ṣoṣo ni mo gbọ́ lẹ́nu Wilf Unsworth nínú gbogbo ọdún tí mo fi mọ̀ ọ́n, irọ́ náà kò sì gùn ju ọ̀rọ̀ méjì lọ. Kò pa á fún àǹfààní ara rẹ̀. Ohun tó ń bí mi nínú títí dòní nìyẹn, nítorí ẹni tó torí rẹ̀ pa á kò yẹ lẹ́ni tí ènìyàn ń bu omi fún mu, ká má tilẹ̀ wá sọ pé à ń torí rẹ̀ ba ẹnu ara wa jẹ́.

Mẹkáníìkì ni Wilf ní gáréèjì bọ́ọ̀sì ní Warrington nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí mo gba iṣẹ́ awakọ̀ níbẹ̀. Ọkùnrin kúkúrú ni, ọwọ́ rẹ̀ nípọn, fìlà aláwọ̀ eérú kan kì í kúrò lórí rẹ̀. Wilf ni gbogbo ibi iṣẹ́ ń pè é, títí kan ọmọ ogún ọdún tó ń gbá ilẹ̀. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Bàbá Wilf ni mo ń pè é. Nígbà tí mo túmọ̀ rẹ̀ fún un, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Jídé, ká ní èmi ni bàbá rẹ ni, ǹ bá ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yí jíà láì jẹ́ kó máa ké." Báyìí la ṣe dọ̀rẹ́.

Ní Sátidé kan, wọ́n fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù rọ́gúbì ní ìlú, èrò pọ̀, bọ́ọ̀sì kò sì tó. Máníjà pe Wilf sí ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀sì kan tí búréèkì rẹ̀ kò ṣeé fọkàn tán.

"Ṣé ó dára kó jáde?" ni máníjà bi í.

"Kò dára."

"Wilf, mi ò ní kó o tú u. Mo ní kó o ṣáà sọ pé bẹ́ẹ̀ ni."

"Ahọ́n mi ò mọ ọ̀nà ibẹ̀," ni Wilf wí, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Bọ́ọ̀sì náà kò jáde. Nígbà tí wọ́n wá ń wá ẹni tí wọn yóò fi ṣe ọ̀gá mẹkáníìkì lọ́dún náà, ẹlòmíràn ni wọ́n mú, ẹni tí Wilf fúnra rẹ̀ kọ́ níṣẹ́. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé ọjà tiwa nìkan ni wọ́n ń sọ.

Herbert, bàbá tó bí Wilf, ilé iṣẹ́ wáyà ló ti lo ayé rẹ̀, ó ń fa irin di wáyà títí etí rẹ̀ méjèèjì fi di. Ohun titun kan ṣoṣo tí ọkùnrin náà rà láyé, tí ọwọ́ ẹlòmíràn kò kọ́kọ́ kàn, ni ọkọ̀ Morris kékeré kan ní ọdún 1968. Igi ni wọ́n fi ṣe férémù ẹ̀yìn rẹ̀, bíi pé wọ́n gbé kọ́bọ́ọ̀dù ka orí táyà. TED 418F ni nọ́ńbà tí wọ́n fún un. Bí àwọn ará ibí bá rí orúkọ nínú nọ́ńbà ọkọ̀ wọn, orúkọ náà ni wọ́n ń sọ ọ́. Nítorí náà Ted ni ọkọ̀ ń jẹ́ láti ọjọ́ tó ti wọlé, bí a ṣe ń pe ọmọ ní Òjó tàbí Àìná láì jókòó rò ó, torí ó mú orúkọ tọ̀run wá.

Ted ló ń gbé wọn lọ sí etíkun Rhyl nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Inú Ted ni Wilf ti kọ́ ọkọ̀ wíwà, inú rẹ̀ náà ló ti bi Enid bóyá yóò fẹ́ òun, tí òjò ń kán sí wọn lọ́rùn láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Nígbà tí Herbert ń kú lọ, kò sọ̀rọ̀ ilé, kò sọ̀rọ̀ owó. Ó ní, "Wilf, má jẹ́ kí Ted jẹrà." Lọ́jọ́ kan mo kọ́ Enid ní ohun tí ìyáálé túmọ̀ sí, ọ̀rọ̀ náà sì dùn mọ́ ọn púpọ̀. Láti ìgbà náà, bí mo bá dé ilé wọn tí mo bèèrè ọkọ rẹ̀, yóò na àgbọ̀n sí ṣẹ́ẹ̀dì ẹ̀yìnkùlé, níbi tí Ted wà, yóò ní, "Ó wà lọ́dọ̀ ìyáálé mi."

Wilf wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ àtijọ́ sílẹ̀ ní àdúgbò wa. Èmi náà wọ̀ ọ́ nígbà tó yá, lẹ́yìn tí mo ra Pijó 504 kan tí mo ti ń lálàá rẹ̀ láti kékeré. Wilf ló kọ òfin ẹgbẹ́, ọ̀kan nínú òfin náà sì le. Bí ìjọba bá rí ọkọ̀ tí wọ́n tò jọ láti ara ọkọ̀ méjì tàbí mẹ́ta, tí ẹnikẹ́ni kò mọ èyí tó jẹ́ ìyá nínú wọn, wọn yóò gba nọ́ńbà ìbí rẹ̀, wọn yóò fún un ní òmíràn tó fi Q bẹ̀rẹ̀, lẹ́tà tí kò tilẹ̀ sí nínú a-b-d tiwa. Òfin Wilf ni pé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ tẹ pápá ẹgbẹ́ lọ́jọ́ ìpàtẹ wa lóṣù Karùn-ún. Kó lọ dúró síta, ní ibi ìgbọ́kọ̀sí, láàárín ọkọ̀ àwọn tó wá wòran. Ọmọ àlè ni wọ́n ń pe irú rẹ̀ nínú ẹgbẹ́, wọn á sì máa rẹ́rìn-ín.

Ẹni tí òfin náà kọ́kọ́ gé lọ́wọ́ ni Gwilym Prosser, ará Wales kan tó ti pẹ́ láàárín wa. Òun àti Emrys ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ra irú ọkọ̀ Austin kan náà, ẹnìkọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Emrys kú sínú ihò èédú. Ìpẹtà ti jẹ iwájú ọkọ̀ Emrys, ó sì ti jẹ ẹ̀yìn ti Gwilym, nítorí náà Gwilym gé méjèèjì láàárín, ó so iwájú tirẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì fi nọ́ńbà Emrys sí i. Ìjọba ní kí ẹgbẹ́ wa jẹ́rìí bóyá ọkọ̀ Emrys náà ni. Wilf ni ẹgbẹ́ yàn pé kó jẹ́rìí. Enid ló sọ fún mi bí Gwilym ṣe jókòó sí kíṣìnnì wọn tó di ife tíì mú tí kò mu ún.

"Wilf, ọ̀rọ̀ kan péré ni. Ṣáà sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọkọ̀ Emrys ni."

"Ìdajì rẹ̀ ni ti Emrys."

"Ìdajì tó kù, ti èmi àbúrò rẹ̀ ni. Ta la jí i lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Mi ò sọ pé o jalè. Ìdajì kì í ṣe odindi, Gwilym. Ahọ́n mi ò mọ ọ̀nà ibẹ̀."

Wọ́n gba nọ́ńbà náà. Láti ìgbà náà, lọ́dọọdún, Gwilym á gbé Austin rẹ̀ wá sí ibi ìgbọ́kọ̀sí lọ́jọ́ ìpàtẹ, á tẹ́ àga rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á kọjú sí wa láti òdì kejì ọgbà, á máa mu tíì inú fíláàsì. Kì í wọ pápá. Ó ń kí gbogbo wa, ṣùgbọ́n kì í kí Wilf.

Ẹni tí mo fẹ́ sọ báyìí ni Rodney Fairclough, alága wa. Kápẹ́ẹ̀tì ló ń tà, ìsọ̀ rẹ̀ tó mẹ́ta, ẹnu rẹ̀ sì dùn bíi ti ẹni tó ń tà á lóòótọ́. Jágúà pupa kan ló ní, ọkọ̀ tí ènìyàn ń yọ fìlà fún. Ṣùgbọ́n abẹ́ rẹ̀ ti jẹrà. Bí o bá fi ìka tẹ ibẹ̀, ìka á wọlé. Rodney rí egungun Jágúà mìíràn rà ní ibi tí wọ́n ń kó àlòkù irin sí, ó sì bẹ Wilf. Odindi ìgbà òtútù kan ni Wilf fi jó irin náà pọ̀ nínú ṣẹ́ẹ̀dì rẹ̀, mo ń bá a tan iná sí i. Ẹ́ńjìnnì, ìlẹ̀kùn àti àga nìkan ni wọ́n kó láti ara ti àtijọ́. Gbogbo yòókù, ọkọ̀ mìíràn ni. Igò ọtí kan ni Rodney fi dúpẹ́.

"O máa sọ fún ìjọba?" ni Wilf bi í lọ́jọ́ tí iṣẹ́ parí.

"Lọ́la gan-an, Wilf ọ̀rẹ́ mi. Lọ́la gan-an."

Lọ́la Rodney kò tíì mọ́ títí di ìsinsìnyí. Ìgbà tí mo rí i pé nọ́ńbà àtijọ́ ṣì wà lára Jágúà náà, mo bi Wilf pé kí ló dé tí kò béèrè lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Ó ní, "Ọkọ̀ tirẹ̀, ẹnu tirẹ̀. Bó bá di tèmi, màá sọ tèmi."

Ẹ jẹ́ kí n wá dé orí ọ̀rọ̀ owó orí tó dá gbogbo wàhálà yìí sílẹ̀. Ní ilẹ̀ yìí, bí ọkọ̀ bá ti pé ogójì ọdún, kì í san owó orí mọ́, ìjọba kì í sì í fi dandan mú un lọ fún àyẹ̀wò ọdọọdún, bí wọn kò bá ti yí i padà ju bó ṣe yẹ lọ. Ìròyìn wá dé pé ìjọba fẹ́ tún òfin náà wò, kí àwọn ẹgbẹ́ wá sọ tẹnu wọn. Rodney pe ìpàdé sí yàrá ẹ̀yìn ilé ọtí. Gbogbo ènìyàn ló wá. Ìwọ ní kí ọlọ́kọ̀ àtijọ́ wá tún pápá ṣe, á ní ẹ̀yìn ń dun òun. Ìwọ sọ pé wọ́n fẹ́ gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, á sáré.

"Ogójì ọdún ni mo fi san owó orí lórí ọkọ̀ yìí," ni ọkùnrin kan tó ní Land Rover kígbe, ìfófòó bíà ṣì wà ní irùngbọ̀n rẹ̀. "Kí ni wọ́n fi ṣe? Ẹ wá wo ihò iwájú ilé mi. Pẹ́pẹ́yẹ ti ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀."

"Kí ẹ tilẹ̀ sọ ti òfo tí à ń san," ni obìnrin kan wí. "Lọ́dọọdún ni mo ń lọ sọ fún ìjọba pé ọkọ̀ mi ti pé ogójì ọdún, pé òfo ni mo fẹ́ san. Wọ́n á gbà á. Wọ́n á ní ẹ ṣeun. Lọ́dún tí mo gbàgbé láti san òfo mi, wọ́n ní àwọn máa bu owó ìtanràn lé mi!"

Yàrá bú sẹ́rìn-ín. Ẹnìkan ní àwọn tí ọkọ̀ wọn ń lo iná mànàmáná náà kì í san tẹ́lẹ̀, ẹ wò wọ́n báyìí, wọ́n ti ń san. Òmíràn ní ìjọba tó bá ti rí ibi tí kò rí owó gbà, oorun kì í kùn ún. Èmi náà dìde. Mo ní nílẹ̀ tiwa, láyé bàbá bàbá mi, bí ènìyàn bá ti darúgbó, wọ́n ń yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú owó orí, nítorí ó ti san tirẹ̀.

Rodney lu tábìlì. "Ẹ gbọ́! Arúgbó kì í san owó orí! Jídé, a máa fi èyí ránṣẹ́ sí wọn."

Wilf yọ fìlà rẹ̀, ó tún un dé. "Jídé, ṣé wọ́n tún máa ń ní kí arúgbó náà má lọ sọ́dọ̀ dókítà mọ́?"

"Rárá o, Bàbá."

"Mo rò bẹ́ẹ̀. Ẹ mú ti owó orí, kò kàn mí. Àyẹ̀wò ni mo ń sọ. Ọkọ̀ tó ti gbó, tí ẹnikẹ́ni ò yẹ búréèkì rẹ̀ wò, tó ń sáré kọjá níwájú ilé ìwé. Ta ló bá yín pe ìyẹn ní ẹ̀tọ́?"

Ariwo sọ. "Wilf, ìwọ nìkan ni mo rí tó ń bẹ ìjọba pé kí wọ́n wá yọ ojú sí òun!" "Ẹ fún un ní ife tíì, inú ń run ún!" Wọ́n mọ̀ pé lọ́dọọdún ló ń gbé Ted lọ fún àyẹ̀wò láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi dandan mú un, ó sì ń san owó rẹ̀. Yẹ̀yẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe.

Nígbà náà ni Rodney ka ohun tó fẹ́ kí ẹgbẹ́ sọ. Ó ní ohun tó ń ba ìjọba lẹ́rù ni àwọn tó ń to ọkọ̀ jọ tí wọ́n ń fara pamọ́ sábẹ́ ogójì ọdún. Kí a sọ fún wọn pé kò sí irú rẹ̀ láàárín wa. Gbogbo ọkọ̀ ẹgbẹ́ wa ló rí bó ṣe rí lọ́jọ́ tó jáde, gbogbo wọn pátá. Kí a nawọ́ sókè.

Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Mo fi méjèèjì tèmi di ife mú. Wilf kò gbé tirẹ̀.

"Kí ló tún dé, Wilf?" ni Rodney wí.

"Ọ̀rọ̀ gbogbo yẹn. Gbogbo wọn pátá."

"Ọkọ̀ ta ni kò rí bẹ́ẹ̀?"

Mo rí ọrùn Rodney tó pupa bíi Jágúà rẹ̀. Mo ní nínú mi pé, òní lòní ń jẹ́, alákápẹ́ẹ̀tì, òní ni wọn yóò ká ọ kúrò nílẹ̀.

"Tèmi," ni Wilf wí.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ted kẹ̀? Ted tí wọ́n fi ń júwe ọkọ̀ rere fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé? Ṣùgbọ́n Wilf bẹ̀rẹ̀ sí í kà á jẹ́jẹ́, bíi pé ara rẹ̀ ló ń sọ ọ́ fún. Ilẹ̀ ọkọ̀ ló kọ́kọ́ pààrọ̀, lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀. Ó tún ṣe irin ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Nígbà tí ọkọ̀ oníwàrà gbá a, ó gé iwájú Morris mìíràn, ó jó o mọ́ ọn. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Nítorí kí Ted má baà jẹrà ló ṣe ń ṣe é, kò sì kà wọ́n pọ̀ rí títí di alẹ́ ọjọ́ náà.

"Èmi ni mo sọ fún Gwilym Prosser pé ìdajì kì í ṣe odindi," ni ó wí.

"Ta ló bi ọ́?" Rodney ti rí èémí mí. "Ìjọba ò bi ọ́. Èmi ò bi ọ́. Nawọ́ sókè, ọkùnrin yìí, páì tí a fẹ́ jẹ ń tutù."

"Kó tutù."

"Bó bá ń wù ọ́ láti fa ara rẹ lé wọn lọ́wọ́, máa lọ. Má kó wa mọ́ra."

Wilf mú aṣọ òjò rẹ̀, ó jáde. Wọ́n fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ Rodney, wọ́n sì jẹ páì.

Lọ́jọ́ kejì, Enid pè mí. "Jídé, wá bá mi bẹ̀ ẹ́. Ó fẹ́ lọ fi orúkọ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ tọrẹ." Mo bá Wilf ní kíṣìnnì, lórí àga tí Gwilym jókòó sí nígbà kan.

"Bàbá, ẹnu tí ẹ fi dákẹ́ lórí ti Rodney, ẹ fi dákẹ́ lórí tiyín."

"Ti Rodney kì í ṣe tèmi."

"Ẹ̀yin lẹ jó irin rẹ̀!"

"Mo jó irin. Mi ò bá a ṣèlérí. Òun ló ṣèlérí." Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Báwo ni mo ṣe fẹ́ máa wo Gwilym láti inú pápá yẹn, Jídé? Kí n jókòó ti ìdajì tèmi, kí n máa wo ìdajì tirẹ̀ níta?"

"Òmùgọ̀ olóòótọ́ ni mo fẹ́ lọ́kọ," ni Enid wí, ó sì kọjú sí ògiri kí a má baà rí ojú rẹ̀.

Wilf kọ̀wé sí ìjọba lọ́sẹ̀ náà. Ẹni tí wọ́n rán wá jẹ́ ọmọlúàbí. Ó dùbúlẹ̀ lábẹ́ Ted pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ó pẹ́ níbẹ̀, ó dìde, ó ní iṣẹ́ irin náà dára gan-an, òun kì í sábà rí irú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gba nọ́ńbà náà. Wilf fúnra rẹ̀ ló tú u kúrò lára ọkọ̀. Ó nù ún, ó fi ìwé ìròyìn wé e, ó fi í sí abẹ́ ibùsùn. Owó orí tí wọ́n wá bù lé ọkọ̀ náà kò dùn ún, àyẹ̀wò sì ti mọ́ ọn lára. Orúkọ ló dùn ún. Lọ́jọ́ kan Enid gbàgbé, ó ní ṣé kí òun kó ẹrù sínú Ted. Wilf ní, "Inú ọkọ̀ yẹn." Láti ìgbà náà kò sẹ́ni tó tún pe Ted nínú ilé náà, Enid kò sì bá mi ṣeré ìyáálé mọ́.

Oṣù Karùn-ún dé. Rodney ló dúró lẹ́nu géètì pápá lọ́jọ́ ìpàtẹ, ó wọ aṣọ àwọ̀lékè aláwọ̀ ìyeyè. Ó wo Q tó wà níwájú Morris. Ó fa ojú ro bíi ẹni tó wá kí olókùú.

"Wilf ọ̀rẹ́ mi. O mọ òfin."

"Èmi ni mo kọ ọ́," ni Wilf wí. Ó ti ń yí ọkọ̀ padà kó tó sọ tán.

Mo yọ orí síta láti inú Pijó mi. "Rodney! Ojú ò tilẹ̀ tì ọ́!"

"Jídé, bí a bá ṣílẹ̀kùn fún ọ̀kan, ta la fẹ́ tì í mọ́?" Ó wí i kí gbogbo àwọn tó tò sẹ́yìn lè gbọ́, wọ́n sì mi orí. Ọmọ àlè gidi wà lórí pápá, wọ́n ti fi epo nù ún, ó ń dán. Mo yí Pijó padà, mo tẹ̀lé Wilf lọ síta.

Gwilym wà níbẹ̀ bí ìṣe rẹ̀, òun, àga rẹ̀ àti fíláàsì. Ẹ̀gbẹ́ Austin rẹ̀ nìkan ni àyè wà. Wilf gbé ọkọ̀ síbẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀, ó dúró. Gwilym wo Q ti Morris, ó wo tirẹ̀, ó wo Wilf.

"O pẹ́ kó o tó dé," ni ó wí.

"Gwilym, lọ́jọ́ yẹn, mi ò..."

"Mu tíì." Ó ti bu ún sínú ọmọrí fíláàsì, ó nà án sí i. Wilf gbà á. Àwọn méjèèjì dúró, wọ́n ń wo pápá láti ẹ̀yìn ọgbà. Inú mi dùn díẹ̀. Mo ní ó kéré tán, èyí jáde nínú rẹ̀, arúgbó méjì rí ara wọn kí lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyẹn.

Gbohùngbohùn bá ké. Wọ́n ń pe Wilf Unsworth kó wá gbé ife ẹ̀yẹ lé ẹni tó gbà á lọ́wọ́. Ife Herbert Unsworth ni. Wilf ló fi owó ara rẹ̀ rà á ní ìrántí bàbá rẹ̀, fún ọkọ̀ tó bá dúró jù lọ bí wọ́n ṣe bí i. Lọ́dọọdún òun ló ń gbé e kalẹ̀. Ó gbé ọmọrí tíì sórí Morris, ó sì gba inú àlàfo ọgbà kọjá. Mo tẹ̀lé e.

Jágúà pupa ló gbà á. Ta ni ìbá tún gbà á? Sheila, ìyàwó Rodney, dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ pẹ̀lú òdòdó lọ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ayé. Obìnrin náà kò mọ nǹkan kan nípa ìgbà òtútù yẹn. Ṣùgbọ́n ìsọkúsọ ti wà láàárín èrò láti àárọ̀, láti ìgbà tí wọ́n ti lé Wilf ní géètì. Wọ́n ń bi ara wọn pé bí ti Wilf bá rí báyìí, ti àwọn yòókù ńkọ́? Rodney gbọ́. Ó mọ ẹnu tó lè pa ọ̀rọ̀ náà.

"Ọkọ̀ yìí rí gẹ́lẹ́ bó ṣe rí lọ́jọ́ tó jáde," ni ó wí sínú gbohùngbohùn. "Ẹ má gba tèmi gbọ́. Ẹni tí kì í purọ́ nínú wa rèé. Wilf, ṣé bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Ó sì gbé e sí Wilf lẹ́nu. Mo ya ẹnu láti pariwo, Wilf sì fi ojú dá mi dúró, ojú tó fi ń wò mí ní gáréèjì bí mo bá fẹ́ fi ọwọ́ kan ohun tó gbóná. Ó wo Jágúà náà, níbi tí òun fúnra rẹ̀ ti jó o lójú kan lẹ́yìn òmíràn. Ó wo Sheila àti òdòdó rẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Wilf wí.

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Rodney gbá a mọ́ra. Wilf gbé ife bàbá rẹ̀ lé e lọ́wọ́, ó sì kúrò níbẹ̀.

Gbohùngbohùn kan kọjú sí ibi ìgbọ́kọ̀sí. Nígbà tí a padà débẹ̀, Gwilym ti ká àga rẹ̀. Ó ti mú ọmọrí fíláàsì kúrò lórí Morris, ó ti da tíì inú rẹ̀ sílẹ̀.

"A gbọ́ ọ níbí," ni ó wí.

"Ìyàwó rẹ̀ dúró níbẹ̀, Gwilym. Mi ò lè ṣe é níwájú ìyàwó rẹ̀."

"Emrys náà níyàwó. Obìnrin náà ń dúró dè mí nílé lọ́jọ́ tí mo wá bá ọ." Ó ti ọmọrí bọ orí fíláàsì. Kò pariwo, ìbá sàn ká ní ó pariwo. "Ọ̀rọ̀ kan náà ni mo bẹ̀ ọ́ fún, Wilf, ìyẹn gan-an. Mo ti gbà láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá pé ahọ́n rẹ ò mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n. Èmi nìkan ni kò fẹ́ bá lọ."

Ó wọ Austin rẹ̀, ó ṣáná sí i, ó lọ. Kò tún wá sí ìpàtẹ kankan mọ́ láti ọjọ́ náà.

Wilf jókòó sínú Morris, kò ṣáná. Ó yọ fìlà rẹ̀, ó gbé e lé ẹsẹ̀. Láti orí pápá, a ṣì ń gbọ́ ohùn Rodney tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn.

"Bàbá," mo ní, "ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé. Enid á ti máa retí wa."

"Má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́, Jídé."

"Kí ni kí n wá máa pè yín?"

"Wilf," ni ó wí. "Bíi ti àwọn yòókù."

Mo gbìyànjú rẹ̀ nígbà náà, mo ti gbìyànjú rẹ̀ láti ìgbà náà wá. Ẹnu mi ṣì kọ̀ ọ́. Nítorí náà, bí mo bá dé ilé wọn báyìí, mo kàn ń sọ pé ẹ kú ilé, n kì í pè é ní nǹkan kan.